Ẹni Mẹ́sàn-án Mu, Ẹnì Kan Ṣubú

Ẹni mẹ́sàn-án ló mu nínú ìkòkò kan náà láàárọ̀ Sátidé yẹn ní Ìsundunrin. Ẹni mẹ́jọ sùn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Ẹnì kẹsàn-án, Àlàájà Wàlíyátù, ń dìde láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni òòyì kọ́ ọ, ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbì. Kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ẹ̀jìgbò, ara rẹ̀ ti tutù. Ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú rò pé òun ló ṣi í kà.

Nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ fi máa dé Ìsundunrin, ìdajì ìlú ti pé sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ajíbádé, àgbà tó se àgbo inú ìkòkò náà, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ náà tán. Májèlé ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí ni ẹni tó bù ú sí i.

Ayọ̀níkẹ́ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá Ẹ̀jìgbò, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sáré, tó máa ń bi ènìyàn ní ohun tó jẹ kó tó bi í ní ohun tó ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. "Ẹni tó bá fẹ́ purọ́," ni ó máa ń dá wọn lóhùn, "á ti to irọ́ ibi tó wà sílẹ̀ kí n tó dé. Kì í rántí to ti ọbẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tètè gbé Bàbá yìí lọ," Kọ́púrà Mùtàlíbù wí fún un sétí. Mùtàlíbù fi ọdún mẹ́sàn-án ju Ayọ̀níkẹ́ lọ, Ayọ̀níkẹ́ sì fi ipò jù ú lọ. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ń fi ẹ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọkàn kálukú sì balẹ̀. "Àwọn èèyàn yìí ti ń bínú."

"Ẹ̀gbọ́n, tí a bá tì í mọ́lé, ta ni yóò sọ ohun tó wà nínú ìkòkò fún wa? Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n máa lọ jẹun ọ̀sán wọn."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Dókítà Ooreolúwa ni, obìnrin tó ń tọ́jú Àlàájà.

"Ó ṣì ń mí," dókítà wí. "Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ọkàn rẹ̀ sì ń falẹ̀ sí i. Mo mọ egbò tí Bàbá yẹn ń sè. Òun nìkan kọ́ ló ṣe èyí. Nǹkan kejì wà nínú ara obìnrin yìí."

"Bíi kí ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá nìyẹn. Tó bá jẹ́ oògùn kòkòrò oko, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Tó bá jẹ́ oògùn òyìnbó kan, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn náà. Omi tí mo ń fà sí i lára ló ṣì dì í mú. Ẹ bá mi wá orúkọ nǹkan náà kí wọ́n tó kírun aláásárì, ẹ jọ̀ọ́."

Ayọ̀níkẹ́ wo aago rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n. Ó ku wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀.

*

Bàbá Ajíbádé ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ Àìkú, ẹ ó bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ yòókù, inú igbó ló ń wà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwọn tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀ máa ń wá bá a, láti Ọlá, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, láti Ẹ̀jìgbò fúnra rẹ̀. Ìjókòó Oorun ni wọ́n ń pè é. Kálukú á jókòó sórí ẹní tirẹ̀, á mu ife kékeré kan, á sì sùn di ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan tí kò mu á jókòó tì í, á máa ṣọ́ ọ.

"Egbò aṣofẹ́yẹjẹ ni," bàbá náà wí kí Ayọ̀níkẹ́ tó bi í. "N kì í fi orúkọ egbò pamọ́ fún ẹni tó máa mu ún. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ohun tó sè fún ọ, ọmọ mi, má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ta ló kọ́kọ́ fẹnu kàn án, Bàbá?"

"Èmi. Ìṣojú wọn ni mo ti tọ́ ọ wò. Mi ò sì jẹ́ kí aboyún mu ún, tàbí ẹni tí ọkàn ń dà láàmú."

"Ẹ bi wọ́n bí wọ́n bá ń lo oògùn dókítà?"

"Ah! Mo bi wọ́n." Bàbá dìde, ó lọ dúró síbi tó dúró sí láàárọ̀, ní iwájú ẹní mẹ́sàn-án tó wà nílẹ̀ rẹrẹẹrẹ. "Ibí ni mo wà. Mo ní, 'Ẹni tó bá ń lo oògùn dókítà nínú yín, kó sọ ọ́ báyìí, kò gbọdọ̀ mu èyí.' Gbogbo wọn ní àwọn ò lo nǹkan kan. Mo tún bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ láti àná, nítorí inú òfìfo ni wọ́n fi ń mu ún. Ẹnì kan ní òun mu omi. Àlàájà ní dàbínù kan ṣoṣo lòun jẹ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bí òun ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Mo ní dàbínù ò burú."

Ayọ̀níkẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ rí ohun mìíràn lára rẹ̀?"

"Ó lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ta ló jókòó tì í?"

"Fàsílátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ. Òun ló gba ife lọ́wọ́ mi fún un. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Alàájì Yẹ̀kínì wà, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Òun ló fún un ní oyin lá lẹ́yìn ìkorò náà."

Mùtàlíbù gbọ́ oyin láti ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì tàn.

*

Bíbi Yẹ̀kínì léèrè ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tó le jù lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé oorun egbò ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ń yán láàárín gbólóhùn. Wọ́n bu omi fún un, ó bọ́jú, ó tún yán.

"Alàájì, a gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà láàárín ẹ̀yin àti Àlàájà."

"Ọ̀rọ̀ wo?" Ó yán. "Mo ní kí n ṣú u lópó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹbí, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí ẹ̀rín ni èèyàn fi ń pa èèyàn?"

"Kí lẹ gbìn sóko lọ́dún yìí?"

"Ẹ̀wà."

"Ẹ ń lo oògùn kòkòrò?"

"Ta ló ń gbin ẹ̀wà tí kì í lò ó?"

Mùtàlíbù fi ìgúnpá gún Ayọ̀níkẹ́. Yẹ̀kínì rí i. Ó na ọwọ́ sí ìgò oyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó da á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi kún, ó sì lá a mọ́ tónítóní níwájú àwọn méjèèjì. "Èèyàn márùn-ún ló lá a láàárọ̀ yìí," ó wí. "Ẹ lọ kà wọ́n. Tí ẹ bá ń wá oníṣẹ́ ibi, ẹ bi ìyàwó ilé ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìdí tí Àlàájà kì í fi í jẹ oúnjẹ rẹ̀."

"Ta ni kì í jẹ oúnjẹ ta ni?"

"Wàlíyátù! Ó lé lọ́dún kan tó ti ń dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè nínú ìkòkò kékeré kan. Obìnrin tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì ń dáná fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Gbogbo agbolé ló mọ ìdí rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù ọmọbìnrin yẹn." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yán. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Nígbà tí wọ́n padà wọ ọkọ̀, Mùtàlíbù ti yí padà pátápátá. Oyin ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, Fàsílátù ló gbà á. "Ọ̀gá, òun ló gbé ife lé e lọ́wọ́. Òun ni wọn kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀. Kí la tún ń wá?"

"Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Ayọ̀níkẹ́ fi dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ tọ́ ọbẹ̀ náà wò ná."

Mùtàlíbù fọwọ́ nu ojú. "Ọ̀gá, mo ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá yẹn fún oṣù tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sí Ẹ̀jìgbò ni mi ò ti sùn dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí."

*

Ilé Àlàájà ní Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti bá Fàsílátù, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Nígbà tí Àbùbákàr ọkọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé pẹ̀lú ìyá òun ní Ẹ̀jìgbò, ó gbà. Ọdún méjì rèé. Gbogbo alẹ́ ni ó ń bá ọkọ rẹ̀ tó kù sí Àbíjàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tí kì í rò fún un.

"Àǹtí, màmá ni mo máa ń pè wọ́n, bí mo ṣe ń pe ìyá tó bí mi," ó wí. "Mi ò lè ṣe wọ́n níbi. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà mí gbọ́? Tí mo bá se ọbẹ̀, wọ́n á ní ó dùn, wọ́n á sì kọjá lọ gbé ìkòkò tiwọn. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ìlérí kan làwọn ṣe fún Ọlọ́run. Àwọn obìnrin agbolé á máa wò mí, wọ́n á máa mi orí."

"Ìkòkò náà dà?"

Ó wà lórí àdògán lẹ́yìn ilé, ọbẹ̀ tòmátì díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ gba ṣíbí, ó bù ú. Mùtàlíbù dá gìrì. "Ọ̀gá! Ẹ̀rí lẹ fẹ́ jẹ yẹn!"

Ó ti gbé e mì. Ó dúró, ó ń ronú, ó tún bu ṣíbí kejì. Ọbẹ̀ náà tẹ́ bí omi òjò. Ata wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà wà, ìrú pàápàá wà, ṣùgbọ́n hóró iyọ̀ kan kò kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò."

Mùtàlíbù tọ́ ọ, ó yínmú.

"Ẹ wò ó," Ayọ̀níkẹ́ wí. "Ẹni tó ń bẹ̀rù májèlé á dá ìkòkò tirẹ̀ ní, òótọ́ ni. Á gbé e pamọ́, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èyí wà níta gbangba níbi tí ewúrẹ́ lè dé. Ohun mìíràn ni pé iyọ̀ ò ṣẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ló máa mú un yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè? Fàsílátù kọ́ ni Àlàájà ń sá fún. Iyọ̀ ló ń sá fún."

Fàsílátù gbójú sókè. Bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀ ni ó rí. Inú Ayọ̀níkẹ́ dùn, kò sì pa á mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá tó bí mi náà sá fún un," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́ mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwọ, ẹ̀ẹ̀melòó ni màmá ń gbé búùtà lọ ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà mìíràn, márùn-ún. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, ó ti tán."

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fa omi ara jáde. Bàbá ní ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ìyẹn ni pé ó lò ó láàárọ̀ yìí."

"Àǹtí, màmá kì í lo oògùn," Fàsílátù wí. "Yàrá kan náà là ń sùn. Mi ò rí hóró oògùn lọ́wọ́ wọn rí láyé."

"Ó máa ń rin ìrìn àjò?"

"Ìwó nìkan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n á sì padà dé lọ́jọ́ kan náà."

"O mọ ọ̀rẹ́ náà?"

Fàsílátù mi orí. Kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

*

Wọ́n tú yàrá náà. Mùtàlíbù gbọn ìrọ̀rí, ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, ó tú aṣọ Àbíjàn tó kún inú àpótí mẹ́ta, ó tọwọ́ bọ inú bàtà. Kò rí nǹkan kan. Fóònù tún dún.

"Ẹ ti rí i?" Dókítà Ooreolúwa bèèrè.

"Mo fura sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i."

"Ìfura ò tó, àwọn ẹbí ní kò lo oògùn rí, oko ẹ̀wà sì yí wọn ká. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá, oríṣiríṣi ni. Ẹ bá mi rí i. Ọkàn rẹ̀ tún ti falẹ̀ sí i."

Ayọ̀níkẹ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà á fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó pa ojú dé, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ọ̀nà bá pin: ó padà sórí oúnjẹ. Àlàájà lo oògùn láàárọ̀ yìí. Fàsílátù wà nínú yàrá, kò rí i. Kò jẹ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni, àfi ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá Ajíbádé, tí Bàbá sì ní kò burú.

Ó la ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìrun Àlàájà, abọ́ dàbínù kan wà, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà, agolo bisikíìtì kan wà tí wọ́n dé pinpin.

"Fàsílátù, kí ló wà nínú agolo yìí?"

"Dàbínù náà ni. Ti inú abọ́ ni ti àlejò. Ti inú agolo, ti màmá nìkan ni, ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ lẹ́yìn àsùbáà."

"Ṣé ahun ni?"

"Màmá! Wọ́n lè bọ́ ìborí orí wọn fún èèyàn."

"Nígbà náà, kí ló dé tó ń fi dàbínù ṣahun?"

Ayọ̀níkẹ́ fi èékánná ṣí agolo náà. Dàbínù bí ogún ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó létòlétò. Ó mú ọ̀kan. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti fi ọwọ́ pa á dé padà, oje rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó fà á ya. Kò sí kóró nínú rẹ̀. Hóró oògùn méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan funfun, roboto, èkejì kékeré, pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n sùn sínú dàbínù náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé bí wọn.

"Lá ìláà," Mùtàlíbù wí, "ìyá yìí gbọ́n jù wá lọ."

Wọ́n fi fóònù ya àwòrán àwọn hóró náà, ojú kan àti èkejì, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lára, wọ́n fi ránṣẹ́. Mùtàlíbù sì gba ọ̀kadà gbé agolo náà lọ sí ilé ìwòsàn. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí dókítà fi pè padà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sáré. "Ọ̀kan ń mú kí ọkàn rọra lù, èkejì ń fa omi ara. Egbò Bàbá sì ń ṣe bíi ti àwọn méjèèjì lórí wọn. Àwọn mẹ́ta ló fa okùn kan náà, obìnrin ọ̀hún ló wà nídìí okùn. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n kírun aláásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Fàsílátù jókòó sórí ẹní ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì tún ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà ti yàtọ̀.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Àlàájà Wàlíyátù fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó ń wo àwọn àlejò rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Bàbá Ajíbádé ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú aṣọ àlà lọ́rùn. Kò fẹ́ jókòó.

"Ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Mo bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n ojú èrò ni mo ti bi ọ́."

"Bàbá, èmi ni mo purọ́."

"Tí mo bá bi àgbàlagbà ní ohun tó ń ṣe é lójú àwọn tó ń fẹ́ ẹ, lójú ìyàwó ọmọ rẹ̀, èmi ni mo ti irọ́ sí i lẹ́nu. Láti òní lọ, inú yàrá ni, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lo hóró, ọ̀dọ̀ dókítà ni mo máa dá a padà sí kó tó débi ẹní mi."

"Èmi náà á máa bi wọ́n ní ti egbò," Dókítà Ooreolúwa wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà níbí, mi ò rántí bi ẹnì kan rí pé àgbo wo ló ń mu nílé. Mo máa ń rò ó pé wọ́n á fojú di mí, tàbí wọ́n á rò pé mo máa bú wọn." Ó yí sí Àlàájà. "Ẹ má dá oògùn yín dúró o. Ẹ kàn má dá a pọ̀ mọ́ ohunkóhun láì sọ fún mi."

Mùtàlíbù wúkọ́. Ó ní òun fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀ níta. Wọ́n jáde, wọ́n sì pẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà. Ojú fèrèsé ni Ayọ̀níkẹ́ ti ń rí ẹnu Mùtàlíbù tó ń lọ láìdúró, tí Bàbá Ajíbádé ń mi orí, tó sì ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà dókítà.

"Àlàájà," Ayọ̀níkẹ́ wí, "ìbéèrè kan ló kù fún mi. Ta lẹ ń fi oògùn yìí pamọ́ fún? Mo mọ̀ pé kì í ṣe Alàájì Yẹ̀kínì."

Ìyá náà wo Fàsílátù, ó sì wo òrùlé. "Àbùbákàr ni. Ìyàwó rẹ̀ yìí kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún un, ire rẹ̀ sì ni. Tí ọmọ yẹn bá gbọ́ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa fi gbé mi lọ Àbíjàn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀. Mo tajà, mo bímọ, mo sin ọkọ mi sílé. Ilé ni mo wà yìí. Mi ò padà lọ mọ́." Ó di ọwọ́ Ayọ̀níkẹ́ mú. "Ẹ bá mi sọ fún un pé oúnjẹ ni kò bá mi lára mu."

"Ẹjọ́ tèmi ti parí, Àlàájà. Kò sẹ́ni tó ṣẹ ọ̀ràn. Èyí tó kù, tẹ̀yin àti ọmọ yín ni."

Fóònù Fàsílátù ń dún láti ìgbà yẹn. Àbùbákàr ni, ìpè kẹẹ̀ẹ́dógún láti àárọ̀. Fàsílátù mú un dání, kò gbé e, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀. Àlàájà Wàlíyátù mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbà á, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo yàrá lè gbọ́, nítorí ó mọ̀ pé tí òun nìkan bá gbọ́ ọ, òun á tún purọ́.

"Àbùbákàr, dákẹ́ ná, kí o gbọ́. Ara mi ti yá. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti lé lọ́dún kan. Ìwó ni mo ti ń lọ gba oògùn rẹ̀, inú dàbínù ni mo ń fi í sí kí ẹnì kankan má baà rí i, mo wá fi egbò lé e lórí, ó sì gbé mi ṣubú. Tí o bá ti ń ronú ọkọ̀, má ronú rẹ̀. Mi ò ní wọ̀ ọ́."

Wọ́n ń gbọ́ ariwo àwọn ọlọ́jà Àbíjàn láti inú fóònù náà, àti ọkùnrin kan tó ń mí.

"Màámi," Àbùbákàr wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀, "ẹ má bínú sí mi. Èmi náà ní i. Ọdún kẹta rèé. Abẹ́ ìdì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ń kó tèmi sí. Mo ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní lè sùn mọ́."

Fàsílátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ayọ̀níkẹ́, tó ti fi gbogbo ọ̀sán àná wá ẹni tó purọ́, rí i pé ẹ̀rín fẹ́ gbòun, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Àlàájà Wàlíyátù dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, láìjẹ́ pé ẹnì kan ràn án lọ́wọ́.

"Ìwọ lo máa wọ ọkọ̀," ó wí. "Máa bọ̀ nílé."